Ọjọ́rú Dé, Ẹ Jẹ́ Kí A Rẹ́rìn-ín

Bí ènìyàn bá dúró ní Dùgbẹ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan orí Ilé Kòkó, ohùn méjì ni yóò gbọ́. Èkíní ni òṣé. Akọ̀wé ń pòṣé, olùkọ́ ń pòṣé, nọ́ọ̀sì tí ó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ ń pòṣé, nítorí pé agbára tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ti ń tán lọ, ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ sì wà ní ọ̀nà jíjìn. Ohùn kejì ni ẹ̀rín. Nínú ọkọ̀ Máíkírà tí èrò ti fún ara wọn pọ̀, ẹnì kan á sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, gbogbo ọkọ̀ á sì bú sẹ́rìn-ín, títí kan awakọ̀ tí ó ń jà lórí ṣéńjì ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn.

Lójú ẹni tí kò ronú jinlẹ̀, ẹ̀rín yẹn kò já mọ́ nǹkan kan. Lójú tiwa, ó já mọ́ nǹkan púpọ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni pé àwàdà tí ó mọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí òṣìṣẹ́ fi ń la àárín ọ̀sẹ̀ kọjá, àti pé kò yẹ kí a ka ẹni tí ń pa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín sí ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n a ó sọ pẹ̀lú pé ẹ̀rín ní ààlà, nítorí pé ìlú Ìbàdàn yìí ti rí ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín di iná tí ń jó ilé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọjọ́ náà fúnra rẹ̀. Àwọn baba wa kò fi orúkọ ọjọ́ ṣeré. Ọjọ́ Ajé ni ó ṣíwájú, a sì ń gbàdúrà pé kí ajé wọlé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tẹ̀lé e, a sì ń retí àtiborí. Nígbà tí ó kan ọjọ́ kẹta, Ọjọ́rú ni wọ́n pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ọjọ́ tí nǹkan ń rú pọ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ náà, títí di òní sì ni a rí àwọn àgbà tí kì í dáwọ́ lé ohun pàtàkì, ìbáà ṣe ìgbéyàwó tàbí ìpìlẹ̀ ilé, ní Ọjọ́rú.

Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje kọ́ ni ọ̀sẹ̀ àtijọ́ wa. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àwọn baba ńlá wa: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Ṣàngó. Ẹni tí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ kò tí ì rẹ̀ ẹ́ tán kí ọ̀sẹ̀ mìíràn tó wọlé. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ẹ̀sìn Kristi ni ó fi ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje múlẹ̀ láàárín wa. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́, iléeṣẹ́ ìjọba àti ọkọ̀ ojú irin dé, èyí tí ó wọ Ìbàdàn ní 1901, aago bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún ènìyàn. Àgbẹ̀ lè sọ pé Ọjọ́rú kò bá òun lára mu, kí ó sì jókòó sílé. Akọ̀wé tí ó bá dán irú rẹ̀ wò, ìwé "wá wí tẹnu rẹ" ni yóò bá lórí tábìlì rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Ẹ wo olùkọ́ tí ó ń gbé ní Agbowó, tí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ sì wà ní apá Challenge. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti jáde. Yóò wọ ọkọ̀, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò tún wọ òmíràn. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ á dá a dúró ní Bódìjà, á tún dá a dúró ní Ring Road. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 2023, tí a ti kéde pé ìjọba àpapọ̀ kò ní san owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù mọ́, owó ọkọ̀ ti di ẹrù tí ó ń wọ òṣìṣẹ́ lọ́rùn. Lóòótọ́ ni òfin ti sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦70,000 ní 2024. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ bí ó ti ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ó bá yọ owó ilé, tí ó yọ owó ọkọ̀, tí ó yọ owó oúnjẹ àti owó ìwé àwọn ọmọ, yóò sọ fún yín pé ìyókù kò gba ìṣirò mọ́. Yóò sì rẹ́rìn-ín bí ó ti ń sọ ọ́. Àwọn àgbà ti wí pé ọ̀ràn tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à ń fi í rín.

Ta ni yóò wá dìde láti sọ pé kí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ má ṣe rẹ́rìn-ín? Kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn ni yóò sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìtàn ìlú yìí dá lórí irú ẹ̀rín náà gan-an.

Ẹ rántí ọdún Òkè'Bàdàn, tí a máa ń ṣe nínú oṣù Kẹta lọ́dọọdún. Ìtàn sọ pé nígbà tí ogun tú ìlú tí Lágelú tẹ̀ dó, orí òkè ni àwọn tí ó ṣẹ́ kù sá sí. Kò sí iṣu, kò sí àgbàdo. Èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ẹkún ni àwọn ọmọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ yóò máa fi rántí ìyà náà. Rárá o, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀. Ní ọjọ́ ọdún náà, a kì í dáná, orin ẹ̀fẹ̀ á sì gba ìgboro kan. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ ní ọjọ́ mìíràn ni a ó máa kọ lórin, àgbà á gbọ́, ọmọdé á gbọ́, kò sì sí ẹni tí yóò bínú. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, olúkúlùkù á padà sí ìwà ọmọlúàbí rẹ̀.

Ohun méjì ni a rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní ni pé ìyà ni ó bí ẹ̀rín wa. Kì í ṣe pé a kò mọ ohun tí ń ṣe wá ni a fi ń rẹ́rìn-ín. Èkejì ni pé ẹ̀rín náà ní àkókò, ó sì kárí gbogbo ìlú. A kò ya ẹnì kan sọ́tọ̀ láti fi í ṣe ẹran ẹ̀sín.

Ìlú tí ó mọ irú eré yìí ni ó sọ gẹ̀ẹ́sì Adégòkè Adélabù di Yorùbá. Gbogbo ẹni tí ó mọ ìtàn òṣèlú wa ni ó mọ Adélabù, akọni ọmọ Ìbàdàn, olóṣèlú ẹgbẹ́ NCNC, tí ó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, 1958. Ọkùnrin náà fẹ́ràn gẹ̀ẹ́sì tí ó le. Nígbà tí ó pe ìdàrúdàpọ̀ kan ní "peculiar mess," àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ tí kò gbọ́ èdè òyìnbó kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà fò wọ́n dá. Wọ́n gbé e sẹ́nu, wọ́n là á, wọ́n sì sọ ọ́ di "pẹ́nkẹ́lẹ́mẹ̀sì." Láti ìgbà náà ni ohunkóhun tí ó bá dojú rú ní Ìbàdàn ti di pẹ́nkẹ́lẹ́mẹ̀sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka pàápàá fi ọ̀rọ̀ náà sí orí ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1994.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí. Àwọn tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mú ọ̀rọ̀ tí ó lè dẹ́rù bà wọ́n, wọ́n sọ ọ́ di ohun ìṣeré. Ìdàrúdàpọ̀ tí a bá ti fún ní orúkọ tí ń pani lẹ́rìn-ín, ìbẹ̀rù rẹ̀ ti dín kù. Bí ọ̀gá bá kó fáìlì mẹ́wàá sórí tábìlì akọ̀wé ní aago méjìlá Ọjọ́rú, tí iná mànàmáná lọ, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, akọ̀wé tí ó bá lè wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú kí ó sọ pé, "Ẹ kú pẹ́nkẹ́lẹ́mẹ̀sì o," ti rí agbára tí yóò fi ṣí fáìlì àkọ́kọ́.

Ní Ìbàdàn yìí kan náà ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959. Lórí ẹ̀rọ náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti kọ́kọ́ rí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Olórin ni tẹ́lẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ni Sunny Adé ti ta gìtá kí ó tó dá ti ara rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Bàbá Sàlá yí padà sí àwàdà, kí ni ó ṣe? Ó gbé dígí ńlá sójú, ó so táì tí ó tóbi ju ọrùn rẹ̀ lọ, ó wọ aṣọ tí kò bá a mu, ó sì jáde síta. Ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ kí ó tó kan ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí olówó fi lè jókòó ti tálákà kí àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín, tí kò sí ẹni tí ó ń wo ẹnì kejì rẹ̀ ní ìwòkuwò.

Ẹ má sì ṣe rò pé ayé dẹrùn fún ẹni tí ń pa wá lẹ́rìn-ín. Nígbà tí Bàbá Sàlá ṣe sinimá Ọ̀run Móoru ní 1982, àwọn olè ajífíìmù dà á kọ, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Ẹni tí ó ná owó sí iṣẹ́ náà jẹ gbèsè. Àwọn tí kò ná kọ́bọ̀ ni ó jẹ èrè. Síbẹ̀ kò fi àwàdà sílẹ̀ nítorí èyí. Títí ó fi kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, 2018, bí a bá dárúkọ rẹ̀, ẹ̀rín ni ó ń wá sẹ́nu àwọn ènìyàn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú pàápàá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Ìlú tí ó sọ gẹ̀ẹ́sì di "pẹ́nkẹ́lẹ́mẹ̀sì" wà nínú Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn tí ó sọ gẹ̀ẹ́sì mìíràn di "wẹ́tìẹ̀." Bí ènìyàn bá gbọ́ ọ láìmọ ìdí rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kẹwàá, 1965, ìtumọ̀ "wẹ́tìẹ̀" ni pé kí a da epo bẹntiróòlù sí ilé ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ wa, tàbí sí ara rẹ̀, kí a sì ṣáná sí i. Ẹnu tí ó dá pẹ́nkẹ́lẹ́mẹ̀sì ni ó dá wẹ́tìẹ̀. Ọ̀kan tu ìlú lára, èkejì sun ìlú.

Báwo ni ẹ̀rín ṣe rìn tí ó fi dé ibi tí iná wà? Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó rìn. Àwọn olóṣèlú ìgbà náà mọ ọ̀rọ̀ sọ, Olóyè S. L. Akíntọ́lá, Olórí Ìjọba Ẹkùn náà, kò ní ẹlẹgbẹ́ nínú dídá àpárá. Orin òwe di orin èébú, orin èébú di òkúta, òkúta di iná. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn aláṣẹ kò fẹ́ kí ẹlòmíràn fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe eré. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé eré Yorùbá Ronú jáde ní 1964, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀. Ní 1966, lẹ́yìn tí ìjọba ológun gba àṣẹ, ni a tó tú òfin náà ká. Ìjọba tí kò lè fara da eré orí ìtàgé kò rí ibi sá sí nígbà tí eré ìgboro bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú mọ ìyàtọ̀ láàárín àwàdà àti ẹ̀sín. Àwàdà ni ohun tí ìwọ àti ẹni tí o fi ṣe é lè jọ rín. Ẹ̀sín ni ohun tí o ń rín nígbà tí òun ń wolẹ̀. Ní ibi iṣẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ kan àti ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn ni ó jókòó lórí àga kan náà. Bí ẹgbẹ́ tìrẹ bá fìdí rẹmi níbi ìdìbò, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ fi í ṣe àwàdà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ tìrẹ ni ó wọlé, pa ẹnu mọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwàdà aṣẹ́gun máa ń korò lẹ́nu ẹni tí a ṣẹ́gun.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹ mọ̀ pé bí ìsinmi ọ̀sán bá parí ní Ọjọ́rú, ojú àwọn ọmọ a máa wúwo, ìṣirò tí ẹ kọ sójú pátákó a sì dà bí ẹni ń kọ̀wé sójú omi. Olùkọ́ tí ó bá pa àlọ́ àpamọ̀ kan, tàbí tí ó fi Ìjàpá ṣe ẹni tí ó lọ ra nǹkan lọ́jà Bódìjà tí kò mọ ṣéńjì kà, yóò rí i pé ojú tí ó ti fẹ́ pa dé yóò là. Kò fi àkókò ṣòfò. Ilẹ̀ ni ó ń ro kí ó tó gbin irúgbìn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀ṣẹ̀ ti ara mi. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, tí wọ́n rán wa jáde lọ dánra wò nínú iṣẹ́ ìkọ́ni, ọmọkùnrin kan dìde láti kàwé. Ó ka ọ̀rọ̀ kan tì, ó tún un kà, ó tún un ṣì. Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ kí kíláàsì jí. Mo sín ọmọ náà jẹ, mo kà á bí ó ti kà á. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo ti ṣe dáadáa, títí mo fi wo ojú ọmọ náà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo tún lò níbẹ̀, kò dìde kàwé mọ́. Bí mo bá pè é, yóò dìde, yóò sì dákẹ́. Kíláàsì jí ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ kan sì pa ìwé dé. Mi ò tí ì rí ohun tí mo lè fi san gbèsè yẹn ju pé kí n máa sọ ọ́ fún ẹni tí iṣẹ́ ìkọ́ni ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ń dá ará ìlú lóhùn lójú fèrèsé. Bí ìyá arúgbó bá ti dúró láti aago mẹ́jọ nítorí ìwé owó ìfẹ̀yìntì, tí akọ̀wé méjì sì ń rẹ́rìn-ín sí ara wọn nínú ilé títí di aago mẹ́wàá, a kò lè pe ìyẹn ní àwàdà. Àìbìkítà ni. Ẹ dá ìyá lóhùn ná, ẹ sì jẹ́ kí òun náà bá yín rín níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àpárá tirẹ̀ dùn ju tiyín lọ.

Fún àwọn ọ̀gá iṣẹ́ àti àwọn aláṣẹ, ohun tí a ní láti sọ kò gùn. Ẹ má ṣe lé ẹ̀rín kúrò ní ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má sì ṣe fi í pe owó. Bí ẹ bá kọjá ní ẹnu ọ̀nà tí ẹ gbọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín, kí ẹ má ṣe padà sí yàrá yín kí ẹ wí pé ara tù wọ́n, kí ẹ sì ti ìwé àfikún owó oṣù sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ̀rín kì í san owó ọkọ̀ láti Agbowó dé Challenge. Òṣìṣẹ́ ń fi í gbé ẹrù ni. Ẹ̀yin ni ẹ lè bá wọn sọ ọ́ kalẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí Ọjọ́rú bá tún dé, ẹ má ṣe fi ìpòṣé nìkan pàdé rẹ̀. Ẹ mú àwàdà kan tí ó mọ́ dání láti ilé. Ẹ fi ara yín bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa wo ojú ẹni tí ó ń gbọ́, bí ẹ bá sì rí i pé ojú náà yí padà, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Ọjọ́bọ̀ ni.